Fọ́ńkíṣọ̀n tó já níbi gbogbo: ṣé òótọ́ ni pé a lè rí ibi tí kò ti já?

Dékúnlé_Q

Ẹ káalẹ́ o, ẹ̀yin àgbà ìṣirò. Ọ̀rọ̀ kan ló gbé mi lọ́kàn láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́ wa ní fọ́ńkíṣọ̀n Dirichlet. Tí x bá jẹ́ ìdá, irú bíi 1/2 tàbí 7/3 tàbí −5, f(x) = 1. Tí x kì í bá ṣe ìdá, irú bíi √2 tàbí π, f(x) = 0. Gbogbo wa gbà pé ó já níbi gbogbo, torí pé kò sí àmì kan lórí ìlà nọ́ńbà tí àwọn tó ń gba 1 àti àwọn tó ń gba 0 kò jọ wà nítòsí rẹ̀.

Lẹ́yìn kíláàsì, ọ̀rẹ́ mi kan ní tí a bá há f yìí mọ́ àwọn ìdá nìkan, kò já mọ́. Ìyẹn yé mi. Ló bá tún fi kún un pé kì í ṣe ti Dirichlet nìkan: fọ́ńkíṣọ̀n yòówù láti R sí R (R ni gbogbo nọ́ńbà tó wà lórí ìlà), bó ti wù kó rí wúruwùru tó, àkójọ D kan wà tó kárí ìlà, tí f kò sì ní já tí a bá há a mọ́ D. (Tí mo bá ní D kárí ìlà, ohun tí mò ń sọ ni pé bó ti wù kí ìpín ìlà kan kéré tó, a ó bá ọmọ D nínú rẹ̀.)

Fọ́ńkíṣọ̀n yòówù? Láìsí àdéhùn kankan? Ẹ jọ̀ọ́, ṣé òótọ́ ni? Tó bá sì jẹ́ òótọ́, ta ló fi ẹ̀rí ẹ̀ hàn?

Àdùkẹ́_Ìlà

Káalẹ́, Dékúnlé. Òótọ́ pọ́ńbélé ni. Tíọ́rẹ̀mù Blumberg ni wọ́n ń pè é, ọdún 1922 ló jáde. Ṣùgbọ́n kí á tó débẹ̀, nǹkan kan wà tí a gbọ́dọ̀ yà sọ́tọ̀, torí òun ló ń kó ọ̀pọ̀ èèyàn sí ìdààmú.

"f kò já ní àmì kọ̀ọ̀kan tó wà nínú D" yàtọ̀ sí "f tí a há mọ́ D kò já".

Mú d kan nínú D. Tí mo bá ní f kò já ní d, ohun tí mo sọ ni pé ε yòówù tó ju 0 lọ tí ẹ bá fún mi, màá rí δ kan tó jẹ́ pé gbogbo x lórí ìlà tí àárín òun àti d bá kéré sí δ, àárín f(x) àti f(d) á kéré sí ε. Gbogbo x ni o, yálà ó wà nínú D tàbí kò sí níbẹ̀.

Tí mo bá kọ́kọ́ há f mọ́ D, àwọn x tó jẹ́ ọmọ D nìkan ni màá yẹ̀ wò. Ohun yòówù tí f ń ṣe ní ibi tó kù kò kàn mí mọ́.

Wàyí o, há Dirichlet mọ́ àwọn ìdá: 1 ni látòkè délẹ̀, δ yòówù ló máa ṣiṣẹ́. Há a mọ́ àwọn tí kì í ṣe ìdá: 0 ni látòkè délẹ̀. Àkójọ méjèèjì ló kárí ìlà. Síbẹ̀, f fúnra rẹ̀ já ní gbogbo àmì, kò yọ ọ̀kan sílẹ̀.

Táyélolú

Kí ìyàtọ̀ tí Àǹtí Àdùkẹ́ là sílẹ̀ yìí lè hàn kedere, ẹ wo fọ́ńkíṣọ̀n Thomae, ti ọdún 1875. Tí x bá jẹ́ ìdá p/q tí a ti gé kúrú tán, tí q sì ju 0 lọ, t(x) = 1/q. Tí x kì í bá ṣe ìdá, t(x) = 0. Èyí kò já rárá ní √2, láìsí pé a há a mọ́ ibì kankan.

Ẹ jẹ́ kí á fojú rí i. Ká ní ε = 1/10. Àwọn x tó lè dà wá láàmú ni àwọn ìdá tí nọ́ńbà ìsàlẹ̀ wọn kò ju 10 lọ. Láàárín 1 sí 2, wọn ò ju 31 lọ. Èyí tó sún mọ́ √2 jù nínú wọn ni 7/5, ó sì fi nǹkan bí 0.0142 jìn sí i; 10/7 ló tẹ̀ lé e, òun fi nǹkan bí 0.0144 jìn. Nítorí náà, tí a bá mú δ = 0.01, kò sí ọ̀kankan nínú àwọn 31 yẹn tó lè wọlé, gbogbo t(x) tó bá wà níbẹ̀ kò sì lè ju 1/11 lọ. Báyìí la ṣe ń ṣe é fún ε yòówù, àti ní àmì yòówù tí kì í ṣe ìdá. Ní àwọn ìdá, t já, torí àwọn tó ń gba 0 yí wọn ká.

Ẹnì kan lè wá bèèrè òdì kejì: ṣé a lè rí fọ́ńkíṣọ̀n tí kò já ní gbogbo ìdá, tó sì já ní gbogbo àmì tó kù? Kò ṣeé ṣe. Vito Volterra ló fi hàn ní 1881, nígbà tó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Pisa. Ẹni tí kò bá ya nǹkan méjì tí Àǹtí Àdùkẹ́ sọ sọ́tọ̀ á rò pé Dirichlet tí a há mọ́ ìdá ti tako Volterra. Kò takò ó rárá.

Dékúnlé_Q

Ẹ ṣeun gan-an. Ó ti ń yé mi, àmọ́ ìbéèrè mìíràn ti yọjú. Wọ́n kọ́ wa pé tí fọ́ńkíṣọ̀n méjì tí kò já bá dọ́gba lórí àkójọ tó kárí ìlà, wọ́n dọ́gba níbi gbogbo. Tí f tí a há mọ́ D kò bá wá já, ṣé kò túmọ̀ sí pé fọ́ńkíṣọ̀n g kan wà tí kò já lórí gbogbo R, tó dọ́gba pẹ̀lú f lórí D? Tó bá rí bẹ́ẹ̀, á jẹ́ pé gbogbo fọ́ńkíṣọ̀n ayé yìí ló fara pẹ́ èyí tí kò já. Ọkàn mi ò gba ìyẹn.

Ọ̀gá_Akin

Dékúnlé, o kú ìrònú. Ọkàn rẹ ṣe dáadáa bí kò ṣe gbà á. Ohun tí wọ́n kọ́ ẹ ni pé g kò lè ju ẹyọ kan lọ. Wọn ò sọ pé g gbọ́dọ̀ wà.

Wo èyí: f(x) = 0 tí x bá kéré sí 0, f(x) = 1 tí x bá jẹ́ 0 tàbí tó jù ú lọ. D yòówù tó bá kárí ìlà, g tó bá f mu lórí D gbọ́dọ̀ jẹ́ 0 ní apá òsì, kó jẹ́ 1 ní apá ọ̀tún. Irú g bẹ́ẹ̀ á já ní 0 dandan. Kò sí g. Síbẹ̀, mú 0 kúrò nínú ìlà, kí D jẹ́ gbogbo ìyókù: f tí a há mọ́ D kò já níbì kankan. Gbogbo ìjà yẹn wà ní àmì tí a yọ kúrò.

A tiẹ̀ lè fi ibi ìjà náà pamọ́ sí ibi tí àwọn ìdá kò lè dé láéláé. Lórí Q (àkójọ gbogbo ìdá) nìkan, jẹ́ kí h(x) = 0 tí x bá kéré sí √2, kí h(x) = 1 tó bá ju √2 lọ. Mú ìdá yòówù, àárín òun àti √2 ju 0 lọ, torí náà δ wà tí kò ní kan √2. h kò já ní ìdá kankan, kò sì sí bí o ṣe lè fà á dé gbogbo R kó má já.

Ohun tí h kò ní ni δ kan ṣoṣo tó máa tó fún gbogbo àmì lẹ́ẹ̀kan náà. Bí o ṣe ń sún mọ́ √2 ni δ ń kéré sí i, kò sì sí ibi tó máa dúró sí. Níbi tí irú δ tó kárí gbogbo àmì bẹ́ẹ̀ bá wà, fífà á dé gbogbo R kò ṣòro. Bí a ṣe ń rí 2 sí agbára √2 gan-an nìyẹn. Agbára tó jẹ́ ìdá nìkan ló kọ́kọ́ ní ìtumọ̀: 2 sí agbára 1.4 jẹ́ nǹkan bí 2.639, sí agbára 1.41 jẹ́ 2.657, sí agbára 1.414 jẹ́ 2.6647, wọ́n sì ń fara mọ́ 2.6651. Ní ìpín ìlà yòówù tó ní òpin, δ kan tó fún gbogbo ìdá inú rẹ̀, ìdí nìyẹn tí kò fi sí wàhálà.

Blumberg kò ṣèlérí irú δ bẹ́ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Kẹ́hìndé_Ọ̀yọ́

Ẹ jẹ́ kí n gbé èyí tó burú ju Dirichlet lọ kalẹ̀, torí òun ni mo fẹ́ràn jù. Fọ́ńkíṣọ̀n tó tẹ̀ lé òfin Cauchy: f(x + y) = f(x) + f(y). Láti inú òfin yìí nìkan, f(2) = 2f(1), f(1/3) = f(1)/3, tí a bá sì ń bá a lọ, f(x) = cx fún gbogbo ìdá, níbi tí c ti jẹ́ f(1). Nítorí náà, ẹni yòówù tó bá tẹ̀ lé òfin yìí, tí a bá ti há a mọ́ Q, ìlà gbọọrọ ni.

Ní 1905, Georg Hamel fi hàn pé àwọn f kan wà tó tẹ̀ lé òfin yìí tí kì í sì ṣe cx lórí R. Ẹ mú ọ̀kan tí f(1) = 1 tí f(√2) = 0. Á jẹ́ pé f(p + q√2) = p fún gbogbo ìdá p àti q. Ẹ wá wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nítòsí 0:

3 − 2√2 jẹ́ nǹkan bí 0.17, f rẹ̀ jẹ́ 3.
17 − 12√2 jẹ́ nǹkan bí 0.029, f rẹ̀ jẹ́ 17.
577 − 408√2 kò tó 0.001, f rẹ̀ jẹ́ 577.

x ń rọra wọ 0, f ń fò lọ sókè ọ̀run! Tí ẹ bá ya àwòrán f yìí sórí pépà, kò sí bí ẹ ṣe lè fi kọ́ńpáàsì fa òbìrí kékeré kan síbì kankan tí àmì kan lára àwòrán náà kò ní bọ́ sínú rẹ̀. Síbẹ̀ lórí Q, f(x) = x. Láàárín gbogbo rúkèrúdò yẹn, ìlà tó dára bẹ́ẹ̀ wà níbẹ̀, ó sì kárí.

Fọlákẹ́_A

Àwọn àpẹẹrẹ yìí dùn, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló ní ohun tí a mọ̀ nípa wọn ṣáájú. Dirichlet, iye méjì péré ló ń gbà. Ti Hamel, òfin Cauchy ló dè é. Kódà fọ́ńkíṣọ̀n John Conway tó ń gba gbogbo nọ́ńbà R ní ìpín ìlà kọ̀ọ̀kan rọrùn: àwọn x tí f(x) = 0 kárí ìlà, há a mọ́ wọn, ó parí. Ìbéèrè Dékúnlé le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ká ní f kì í gba iye kan lẹ́ẹ̀mejì láéláé, tí kò tẹ̀ lé òfin kankan. Níbo ni a ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wá D?

Ọ̀gá_Akin

Ibẹ̀ ni iṣẹ́ Henry Blumberg wà, Fọlákẹ́. Ó gba oyè dókítà ní Göttingen ní Jámánì ní 1912, Amẹ́ríkà ló sì ti ṣiṣẹ́ olùkọ́. Ohio State University ló wà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Inú ìwé àtìgbàdégbà ẹgbẹ́ onímọ̀ ìṣirò ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló ti tẹ iṣẹ́ náà jáde ní 1922.

Ẹ wo ohun tó mú mi fẹ́ràn rẹ̀. Gbogbo tíọ́rẹ̀mù tó ṣáájú irú èyí ló máa ń kọ́kọ́ bèèrè nǹkan lọ́wọ́ f. Tíọ́rẹ̀mù Lusin ti 1912, fún àpẹẹrẹ, ní kí f jẹ́ èyí tí ìwọ̀n Lebesgue (ọ̀nà tí a fi ń wọn bí àkójọ ṣe gùn tó) lè kà. Nígbà náà, lórí ìpín láti 0 sí 1, ó máa fún ẹ ní àkójọ títì kan (ìyẹn, èyí tó jẹ́ pé àmì tí àwọn ọmọ rẹ̀ bá ń sún mọ́ láìlópin, ọmọ rẹ̀ ni) tí f tí a há mọ́ ọn kò já, tí gígùn ohun tó ṣẹ́ kù kò sì tó ε. Èrè ńlá ni, àmọ́ owó ni wọ́n fi rà á. Àkójọ títì yẹn kò sì lè kárí, torí àkójọ títì tó bá kárí ti di gbogbo ìpín náà nìyẹn. Blumberg kò bèèrè ohunkóhun. f ṣáà ti jẹ́ láti R sí R.

Àdùkẹ́, ṣé wàá bá wa kọ ẹ̀rí náà? Ìwọ lo máa ń là á yé èèyàn.

Àdùkẹ́_Ìlà

Ẹ ṣé, sà. Ẹ fara balẹ̀, ó gùn díẹ̀.

Tíọ́rẹ̀mù Baire ti 1899 nìkan la nílò. Àkójọ kan fọ́nká tó bá jẹ́ pé inú ìpín ìlà yòówù, a lè rí ìpín kékeré kan tí kò sí ọmọ rẹ̀ kankan nínú. Àkójọ tẹ́ẹ́rẹ́ ni èyí tí a kó àwọn àkójọ afọ́nká jọ láti ṣe, bí a bá lè tò wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: ìkíní, ìkejì, ìkẹta, lọ bẹ́ẹ̀ títí. Baire ní kò sí ìpín ìlà tó jẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́. Q tẹ́ẹ́rẹ́, R kò tẹ́ẹ́rẹ́.

Fún ìpín J kan tí ìdá wà ní etí rẹ̀ méjèèjì, ẹ jẹ́ kí A(J) jẹ́ gbogbo x tí f(x) bọ́ sínú J. Irú J bẹ́ẹ̀ ṣeé tò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Màá pe x ní àmì rere tó bá jẹ́ pé, fún gbogbo J tó ní f(x) nínú, ìpín U kan wà yí x ká, tó jẹ́ pé A(J) kò tẹ́ẹ́rẹ́ nínú ìpín kékeré kankan láàárín U. Ní èdè kúkúrú, tí o bá dúró sí x, àwọn tí iye wọn jọ tìrẹ pọ̀ yí ẹ ká, wọ́n sì pọ̀ dé ibi tí a ò lè gbá wọn dànù.

Ohun àkọ́kọ́ tí a máa fi hàn: àwọn àmì tí kì í ṣe rere tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ di J kan mú. x tó wà nínú A(J) tó kùnà lórí J yìí, ọ̀nà méjì ló lè gbà kùnà. Ó lè jẹ́ pé ìpín kan wà yí i ká tí A(J) ti tẹ́ẹ́rẹ́ nínú rẹ̀. A lè mú ìpín náà kí etí rẹ̀ jẹ́ ìdá, torí náà irú ìpín bẹ́ẹ̀ ṣeé tò, gbogbo x tó kùnà lọ́nà yìí lápapọ̀ sì tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ pe àpapọ̀ àwọn ìpín yẹn ní W. Ọ̀nà kejì ni pé x kò sí nínú W, ṣùgbọ́n bó ti wù kí a sún mọ́ x tó, W wà níbẹ̀. Á jẹ́ pé etí W ni x wà, etí àkójọ tó ṣí, irú bíi W tí a fi àwọn ìpín tí kò ní etí wọn nínú kó jọ, sì máa ń fọ́nká. Ọ̀nà méjèèjì tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ kó gbogbo J pọ̀, ó ṣì tẹ́ẹ́rẹ́, torí àwọn J ṣeé tò.

Ó wá ku kí á kọ́ D. Ẹ to gbogbo ìpín tí etí wọn jẹ́ ìdá: I₁, I₂, I₃... Inú Iₙ la ti máa mú dₙ. Bí ìgbà tí ìdílé ń pín ilẹ̀ la ṣe máa ṣe é: àmì kọ̀ọ̀kan tí a bá mú máa gba ilẹ̀ kan yí ara rẹ̀ ká, òfin sì máa wà lórí ilẹ̀ náà, pé ẹni yòówù tó bá dé síbẹ̀ lẹ́yìn gbọ́dọ̀ ní iye nínú J báyìí, níbi tí J ti jẹ́ ìpín kékeré yí f ti onílẹ̀ ká. A ó mú ilẹ̀ náà kéré tó bẹ́ẹ̀ tí A(J) kò fi tẹ́ẹ́rẹ́ nínú ìpín kankan láàárín rẹ̀; a lè ṣe bẹ́ẹ̀ torí àmì rere ni onílẹ̀. Ilẹ̀ méjì kò gbọ́dọ̀ gùn lé ara wọn lábọ̀: yálà ọ̀kan wà nínú èkejì pátápátá, tàbí wọn ò pàdé rárá. Tí ọ̀kan bá sì wà nínú èkejì, J ti inú gbọ́dọ̀ wà nínú J ti ìta.

Tó bá kan dₙ, a ó wá ìpín kékeré kan nínú Iₙ tí kò kọjá etí ilẹ̀ kankan. Tí kò bá sí lórí ilẹ̀ ẹnikẹ́ni, a mú àmì rere tó bá wù wá. Tó bá wà lórí ilẹ̀, ẹ wo èyí tó wà nínú pátápátá, tí òfin rẹ̀ jẹ́ J. A(J) kò tẹ́ẹ́rẹ́ níbẹ̀, àwọn tí kì í ṣe rere tẹ́ẹ́rẹ́, nítorí náà rere kan ṣẹ́ kù tí f rẹ̀ wà nínú J. Òun la mú. Lẹ́yìn náà, gbogbo d₁ títí dé dₙ máa gba ilẹ̀ tuntun tó kéré sí i, tí kò sí d mìíràn nínú rẹ̀ tàbí ní etí rẹ̀, tí J tuntun náà kò sì gùn tó 1/n.

Ó parí. D ní ọmọ nínú gbogbo Iₙ, torí náà ó kárí. Ẹ mú dᵢ yòówù nínú D. Tí ẹ bá fún mi ní ε, màá mú n tí 1/n kéré sí ε, tí n fúnra rẹ̀ kò sì kéré sí nọ́ńbà i ti dᵢ. Lórí ilẹ̀ tí dᵢ gbà ní ìpele n, kò sí ẹni àtijọ́ kankan yàtọ̀ sí i, gbogbo ẹni tó dé lẹ́yìn sì ti tẹ̀ lé òfin. Ilẹ̀ yẹn ló fún wa ní δ.

Dékúnlé_Q

Mo kà á, mo tún un kà. Ibì kan ṣoṣo ló kù. Kí ló dé tí ẹ fi ní A(J) "kò tẹ́ẹ́rẹ́"? Ṣé kò ní tó kí A(J) ṣáà kárí U?

Táyélolú

Kò ní tó. Ìgbésẹ̀ kejì ń gbé àwọn tí kì í ṣe rere sọnù, kò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ pé gbogbo A(J) ló bá wọn lọ. Wo Dirichlet pẹ̀lú J kékeré yí 1 ká: A(J) jẹ́ Q. Ó kárí, àmọ́ ó tẹ́ẹ́rẹ́. Nípa ìtumọ̀ Àǹtí Àdùkẹ́, kò sí ìdá kan tó jẹ́ rere níbẹ̀, ẹ̀rí náà á sì lọ mú D láàárín àwọn tí kì í ṣe ìdá. Kì í ṣe pé Q kò dára fún Dirichlet o. Ẹ̀rí tó gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ fún gbogbo f ni kò lè gbára lé e.

Kẹ́hìndé_Ọ̀yọ́

D tí ẹ kọ́ yìí ṣeé tò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: d₁, d₂, d₃... Ó kárí lóòótọ́, àmọ́ ó kéré. Ṣé kò sí bí a ṣe lè rí D tó pọ̀ tó R fúnra rẹ̀?

Ọ̀gá_Akin

Ọdún kan péré lẹ́yìn Blumberg ni ìdáhùn dé láti ilẹ̀ Poland. Wacław Sierpiński àti Antoni Zygmund, tó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́ nígbà náà, kọ́ fọ́ńkíṣọ̀n kan ní 1923 tó máa ń já lórí àkójọ yòówù tó bá pọ̀ tó R. Tọwọ́tẹsẹ̀ ni wọ́n fi ti ìlẹ̀kùn náà.

Ọgbọ́n wọn kò gùn. Tí f tí a há mọ́ A kò bá já, a lè fà á dé orí àkójọ kan tó gba gbogbo A sínú, tí irú rẹ̀ ń jẹ́ G-dẹ́lítà (ibi tí àwọn àkójọ tó ṣí, tó ṣeé tò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ti pàdé), kó má sì já níbẹ̀. Gbogbo fọ́ńkíṣọ̀n tí kò já lórí gbogbo G-dẹ́lítà, iye wọn kò ju iye R lọ. Nítorí náà a lè to wọ́n ní tẹ̀lé-n-tẹ̀lé pẹ̀lú àwọn nọ́ńbà R, kí ẹni kọ̀ọ̀kan má ní tó iye R níwájú rẹ̀. Tó bá kan x kan, a fún f(x) ní iye tí ó yàtọ̀ sí ti gbogbo g tó ti ṣáájú nínú ìtò náà. Iye ṣì kù dandan, torí àwọn g tó ṣáájú kò tó R. Ní ìparí, g yòówù tí ẹ bá mú, àwọn x tó ṣáájú rẹ̀ nìkan ló lè bá f mu, àwọn yẹn kò sì tó R.

Tí a bá gba àbá Cantor pé kò sí iye kankan láàárín àwọn tó ṣeé tò àti R, á jẹ́ pé f yìí já lórí gbogbo àkójọ tí kò ṣeé tò. D Blumberg tó ṣeé tò ni òpin nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí a kò bá gba àbá yẹn, ọ̀rọ̀ lè yí padà: Saharon Shelah fi hàn ní 1995 pé àwọn òfin ìpìlẹ̀ ìṣirò gbà kí ayé kan wà tí gbogbo f láti R sí R kò ti ní já lórí àkójọ kan tí kò tẹ́ẹ́rẹ́. Ìbéèrè nípa fọ́ńkíṣọ̀n lásán ti gbé wa dé ìdí òfin ìpìlẹ̀. Èyí máa ń ṣe mí ní ìyanu títí dòní.

Fọlákẹ́_A

Mo fẹ́ mọ̀ bóyá R ló ṣe pàtàkì ni. Tí f bá jẹ́ láti Q sí R ńkọ́?

Àdùkẹ́_Ìlà

Kò ṣiṣẹ́ lórí Q rárá. To àwọn ìdá: q₁, q₂, q₃... Jẹ́ kí f(qₙ) = n. Ká ní D kárí Q, tí f tí a há mọ́ D kò sì já. Mú qₖ nínú D, kí ε jẹ́ 1/2. Gbogbo ọmọ D tó sún mọ́ qₖ gbọ́dọ̀ ní iye láàárín k − 1/2 àti k + 1/2. Ẹyọ kan ṣoṣo ló ní irú iye yẹn, qₖ fúnra rẹ̀. Á jẹ́ pé qₖ dá wà, kò sí ọmọ D mìíràn nítòsí rẹ̀, D kò sì kárí.

Bradford àti Goffman fi hàn ní 1960 pé bẹ́ẹ̀ ló rí níbi gbogbo tí a bá ti lè wọn ọ̀nà láàárín àmì méjì: tíọ́rẹ̀mù Blumberg ṣiṣẹ́ níbẹ̀ bí tíọ́rẹ̀mù Baire bá ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kò sì ṣiṣẹ́ bí ti Baire kò bá ṣiṣẹ́. Q tẹ́ẹ́rẹ́ nínú ara rẹ̀, kò ní ohun tí ẹ̀rí wa máa dì mú.

Dékúnlé_Q

Tí mo bá wá mú fọ́ńkíṣọ̀n Q yẹn, tí mo fi 0 sí gbogbo àmì tí kì í ṣe ìdá, ó ti di láti R sí R. D wà nìyẹn, àwọn tí kì í ṣe ìdá. Ó yé mi.

Ọ̀kan ṣoṣo ló kù, ẹ má bínú. Ṣé mo lè yan àmì kan ṣáájú, ká ní 0, kí n ní dandan kó wà nínú D?

Táyélolú

Rárá. Jẹ́ kí f(0) = 1, kí f(x) = 0 níbi gbogbo tó kù. D yòówù tó bá kárí ìlà tó sì ní 0 nínú, àwọn ọmọ D mìíràn wà nítòsí 0 bó ti wù kí δ kéré tó, 0 sì ni iye gbogbo wọn. f tí a há mọ́ D á já ní 0. Àmì rere nìkan la lè ṣèlérí fún: tí a bá fi í ṣe d₁ nínú ẹ̀rí Àǹtí Àdùkẹ́, kò sí ohun tó máa yí padà nínú gbogbo ìyókù.